Kókó Ìborùn Lójú Ọ̀nà Jídà

Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Abẹ́òkúta ní àwọn ọdún tí owó epo rọ̀bì mú kí ọkọ̀ òfuurufú máa kó àwọn onímẹ́kà lọ sí Jídà, níbi tí ọkọ̀ Mẹ́kà ń balẹ̀ sí, lọ́pọ̀ yanturu. N kò fi iṣẹ́ náà ṣeré rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bí ìlú kan ti jìnnà sí èkejì, n ó wọ̀n ọ́n fún un.

Ìyá onílé mi ní Ìbarà, tí ó ń ta obì ní Láfẹ́nwá, ni ó bi mí ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti sanwó Mẹ́kà fún un. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, bàbá òun fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Mẹ́kà, ó sì kú sí Máídúgùrì lójú ọ̀nà. Kò sí ọmọ bàbá náà kan tí ó rí sàréè rẹ̀ rí. Ohun tí ìyá fẹ́ mọ̀ ni àkókò tí ọkọ̀ yóò wà lókè ibẹ̀, kí òun lè kí i, kí òun sì tọrọ àánú fún un.

Ìbéèrè náà wọ̀ mí lára. Mo gbé àwòrán ayé rogodo jáde, mo sì na òwú ìránṣọ láti Ìkẹjà dé Jídà. Òwú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan Máídúgùrì. Ìyá tẹjú mọ́ ọn títí.

“Gbogbo ayé nìyí, Ẹ̀gbá kò sì sí níbẹ̀?”

“Ó wà níbẹ̀, ìyá. Gègé ẹni tí ó yà á ni ó sanra jù ú lọ.”

Mo ṣe ìṣirò rẹ̀: nǹkan bí wákàtí márùn-ún dé Jídà, wákàtí kan àti ààbọ̀ dé ibi sàréè. Ṣùgbọ́n ìyá kò mọ aago wò, kò sì fẹ́ máa bi àlejò léèrè bàbá rẹ̀. Ó mú tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó jókòó sábẹ́ aago ògiri mi, ó ń fa ìlẹ̀kẹ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Bí ó bá ti fà á yí po tán, yóò ta kókó kan sí etí ìborùn rẹ̀. Èmi ń ṣọ́ aago títí wákàtí kan àti ààbọ̀ fi pé. Nínú ọkọ̀, bí ó bá ti fa tẹ̀sùbáà yí po lẹ́ẹ̀kan, yóò tú ọ̀kan nínú kókó wọ̀nyí. Nígbà tí ó bá tú èyí tí ó kẹ́yìn, bàbá rẹ̀ ni ó wà nísàlẹ̀. Mo kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ àfi bí táyà bá kúrò nílẹ̀, mo sì mú kí ó tún un sọ fún mi.

Nígbà tí ó ti Mẹ́kà dé, bóyá ni mo kí i kú àbọ̀ tán tí mo fi bi í. Ó ní ìkùukùu ni òun rí, ó funfun bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n. Òun sálámà sí bàbá òun, òun sì ròyìn ilé fún un, àwọn tí ó kú àti àwọn tí a bí. Mo béèrè ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ní bí òun ti jókòó ni, nítorí gbogbo èrò ni ó ń ṣe àdúrà. Ọkọ̀ sì pẹ́ nílẹ̀; òun ti tú ju ìdajì kókó náà lọ kí ó tó gbéra.

N kò lè fi irọ́ bo ìṣirò. Mo sọ fún un pé ibi tí ó ti kí bàbá rẹ̀ kò tíì ju ẹ̀bá odò Ọya lọ.

Ìyá wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé.

“Tíṣà, ẹsẹ̀ ni bàbá mi fi rin ọ̀nà yẹn. Ṣé kò la odò Ọya kọjá ni?”