Ọ̀gá Tí Bàbá Mi Rí ní Ring Road

Tí o bá ti Sábó bọ̀ tí o já sí Mọ́kọ́lá láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, òórùn tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà ni yóò kọ́kọ́ kí ọ kí o tó rí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Òórùn náà máa ń ta nímú, ó sì máa ń mọ́ wọn lára débi pé bí wọ́n bá wẹ̀ tán, tí wọ́n pààrọ̀ aṣọ, a ṣì máa ń gbọ́ ọ lára wọn nídìí oúnjẹ. Pẹ́ńtà ọkọ̀ ni wọ́n. Mọ́tò tó ti forí gbá ògiri, èyí tí ọ̀kadà ti ha lára, èyí tó ti dógùn-ún nídìí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ń fín lọ́dà tí ẹni tó ni ín á fi máa yí i po bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ohun tí wọ́n fi ń bo imú kò ju àkísà kan lọ, tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn orí.

Àkísà náà kò tó. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó yá, mímí pàápàá di iṣẹ́. Wọn á máa gun àtẹ̀gùn ilé wa ní Àgbowó, wọn á sì dúró láàárín rẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ lọ mú. Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò ní ilé ìwòsàn Jericho kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. "Bàbá, ẹ̀dọ̀fóró yín ti gba èyí tó lè gbà. Bí ẹ bá tún ń fa ọ̀dà yìí símú, apá wa ò ní ká a mọ́." Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì wá jókòó sílé.

Ká ní o rí ìjókòó yẹn ni. Wọn kì í ráhùn, ìyẹn gan-an ló sì ń dẹ́rù bà wá. Rédíò á máa sọ̀rọ̀, wọn ò ní gbọ́ ohun tó ń sọ. Ìyá mi á gbé oúnjẹ wá, wọn á ní àwọn ti yó kí wọ́n tó ṣí abọ́ wò. Wọ́n tiẹ̀ kẹ̀yìn sí títì nígbà tó yá, torí wọn ò fẹ́ máa rí mọ́tò tó ń kọjá. Ìyá mi kì í ṣe ẹni tó ń tètè sunkún, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan wọ́n di ọwọ́ mi mú ní ilé ìdáná, wọ́n ní, "Bàbá rẹ ń lọ lójú mi báyìí o."

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé kan ní Bódìjà nígbà yẹn, mo sì ní ọkọ̀ dúdú kékeré kan, tòkunbọ̀, tí gbogbo àwọn tó ń fọ̀ ọ́ ti fi àkísà eléruku bà lára jẹ́. Bí oòrùn bá tàn sí i, wàá rí ilà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó lọ́ mọ́ra wọn bí òwú aláǹtakùn. Ìgbà tí kẹ̀kẹ́ akérò kan tún wá ha ilẹ̀kùn rẹ̀ gbọọrọ ní Dùgbẹ̀, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n má tíì kùn ún, ó júwe obìnrin kan fún mi ní Ring Road, tó ń fi máṣíìnì pa ojú ibi tó ha rẹ́ lára ọkọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nígbà tí mo débẹ̀ ni pé n kò gbọ́ òórùn kankan àfi ti ọṣẹ. Kò sí tínà, kò sí ọ̀dà tó ń fò káàkiri. Máṣíìnì kan ló wà, tó jọ èyí tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin, ṣùgbọ́n fóòmù rírọ̀ ló wà lẹ́nu tirẹ̀, àti ìpara funfun kan tí wọ́n ń pè ní rọ́bìn. Mo dúró, mo ń wò ó bó ṣe ń mú un lọ mú un bọ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan. Kì í ṣe ọkọ̀ mi ni mo ń rò mọ́.

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bàbá mi fún un. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. "Ẹ mú Dádì wá."

Dádì ò fẹ́ wá. "Èmi tí mo ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún àìmọye ọmọ, kí n wá lọ máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ tí mo lè bí?" Mo ní kì í ṣe àwọn ló fẹ́ kọ́ṣẹ́, èmi ni. Mo ní a ti gba ìsinmi níléèwé, kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n sìn mí lọ, kí n má baà ba ọ̀dà ọkọ̀ mi jẹ́. Wọ́n tẹjú mọ́ mi títí. Mo rò pé wọ́n ti rí ìdí ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n ṣáà dìde, wọ́n ń wá fìlà wọn.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí wọn, ó gbé àga fún wọn síbi ibòji, ó sì kọjú sí mi bí ẹni pé lóòótọ́ èmi ni mo wá kọ́ṣẹ́. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń fi omi tó mọ́ ṣan erùpẹ̀ kúrò ná, torí èyí tó bá kù lábẹ́ fóòmù á tún ha ọkọ̀ ni. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń lẹ téèpù mọ́ etí ilẹ̀kùn, níbi tí ọ̀dà ti fẹ́lẹ́ jù, àti bí a ṣe ń gbé máṣíìnì lé ara ọkọ̀ pẹrẹsẹ kí a tó tàn án. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo gbàgbé. Mo tàn án lókè, rọ́bìn sì fọ́n sí mi lójú, ó fọ́n sára búláòsì mi, ó fọ́n sára ògiri. Bí mo ṣe ń nujú, mo gbọ́ ẹ̀rín. Bàbá mi ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu wọn, nígbà tí ikọ́ dá, wọ́n tún bá ẹ̀rín náà lọ.

Ẹ̀rín yẹn ló gbé wọn dìde. Wọ́n wá dúró tì mí, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ó ti ń gbóná. Gbé e kúrò níbẹ̀, á jo ọ̀dà." Obìnrin náà wo ọwọ́ wọn. Ó pa máṣíìnì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. "Dádì, ẹ bá wa mú un wò."

Wọ́n gbà á. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti ń fi sáńpépà ha ọkọ̀ láti ìgbà èwe kò mọ bí a ṣe ń rọra. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nígbà tí wọ́n sì nu rọ́bìn kúrò, ojú ibẹ̀ ti ṣú bíi dígí tí èéfín bò. Mo rí bí ojú wọn ṣe yí padà. Wọ́n rọra gbé máṣíìnì sílẹ̀, wọ́n nawọ́ mú fìlà wọn. "Ṣé mo sọ fún ọ," wọ́n wí fún mi, ohùn wọn lọ sílẹ̀ gan-an. "Jẹ́ ká máa lọ sílé."

Bí obìnrin yẹn bá rẹ́rìn-ín ni, tàbí tó sáré gba iṣẹ́ náà ṣe mọ́ wọn lọ́wọ́, mo mọ̀ pé a ò ní padà débẹ̀ mọ́. Ó yọ fóòmù náà, ó fi èyí tó tún rọ̀ jù ú lọ sí i. "Èmi náà tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, Dádì, mo sì sunkún. Kò tíì bàjẹ́. Ẹ wá, ká jọ tún un ṣe." Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ ti ọwọ́ wọn, wọ́n jọ ń mú un lọ jẹ́ẹ́jẹ́, láti ọ̀tún sí òsì, láti òkè wá sílẹ̀. Wọ́n nù ún. Ibi tó ṣú ti mọ́, igi tó wà lókè orí wa sì hàn nínú ọ̀dà dúdú náà tewétewé. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n tún wò ó.

"Ọ̀gá mi," wọ́n ní, "ṣé kí n gbìyànjú ilẹ̀kùn?"

Obìnrin náà pariwo. "Háà, Dádì! Ẹ má pè mí lọ́gàá o!"

"Ìwọ lò ń kọ́ mi níṣẹ́. Kí ni kí n wá máa pè ọ́?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi ni wọ́n ń dúró dè. Kí ìsinmi wa tó parí, mo ti di ẹni tó ń pọnmi, tó ń fọ fóòmù, wọ́n sì ti gba máṣíìnì lọ́wọ́ mi pátápátá. Ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ha ilẹ̀kùn mi nìkan ló kù. Wọ́n fi èékánná wọ́ ojú rẹ̀, èékánná há sí i, ìyẹn ni pé ó ti jìn ju ohun tí máṣíìnì lè pa rẹ́ lọ. "Tínà díẹ̀, ọ̀dà díẹ̀ báyìí..." Wọ́n yọ èékánná kúrò níbẹ̀. "Rárá," wọ́n wí níkẹyìn, "ẹ jẹ́ ká dán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó sì wà bẹ́ẹ̀." Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀ títí mo fi ta ọkọ̀ náà, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Wọ́n gba ààyè kékeré kan ní Challenge lẹ́yìn náà láti máa ṣe iṣẹ́ tuntun yìí, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa. Ikọ́ náà kò lọ tán, ṣùgbọ́n ó dínkù, wọ́n sì ń gun àtẹ̀gùn ilé láìdúró. Ìyá mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé pé oúnjẹ kì í tó nínú ìkòkò. Inú wọn ń dùn bí wọ́n ṣe ń ṣe àròyé yẹn, àfi bí ẹni ń kọrin.

Nígbà tí mo padà lọ dúpẹ́ ní Ring Road, mo ra ọsàn àti ìbẹ́pẹ dání. Obìnrin náà gbà á, ó jókòó tì mí, ó ní kò yẹ kí n máa dúpẹ́. Ó ní bàbá òun wà láyé, ní Àkúrẹ́, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, àti pé láti ìgbà tí òun ti jáde yunifásítì tí òun sì gbé iṣẹ́ yìí, wọn ò wá wo ibi iṣẹ́ òun rí. "Tí Dádì tiyín bá wà níbí, tí wọ́n ń wo ọwọ́ mi," ó ní, "ara mi máa ń yá. Ẹ̀yin lẹ rò pé èmi ni mo ṣe yín lóore."

Mo sọ ọ́ fún bàbá mi. Nígbà tó di Sátidé, wọn ò lọ sí Challenge. Wọ́n wọ bùbá àti ṣòkòtò tí wọ́n fi ń lọ sóde, wọ́n ní kí n gbé àwọn lọ sí Ring Road. Ọkọ̀ funfun kan ni obìnrin náà ń ṣe lọ́wọ́. Bàbá mi ò bá a fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n wò ó ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nígbà tó sì nù ún tán, wọ́n yí ọkọ̀ náà po bí wọ́n ti máa ń ṣe tí wọ́n bá ń yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún wò, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra á. "O káre, ọ̀gá mi," wọ́n ní. "Iṣẹ́ yìí dára. Ọmọ tèmi ni ì bá ṣe é, gbogbo ayé ni ǹ bá sọ fún." Obìnrin náà tẹríba sídìí báàkẹ́ẹ̀tì, ó ń fọ fóòmù tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, kò sì tètè gbórí sókè.

Títí di òní, bí mo bá ń dúpẹ́ nítorí bàbá mi, obìnrin yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí kí n tó rántí dókítà tàbí oògùn. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó gba ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò mọ̀ pé òun náà ti ń wo ọ̀nà tipẹ́. Olúkúlùkù wọn rí ẹni tó dúró wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dópin, tó sì sọ fún un pé ó dára. Èmi wà níbẹ̀, mo sì fi ojú mi rí i. Ìyẹn nìkan ti tó mi dúpẹ́ títí ọjọ́ ayé mi.