Àwòrán Tí Àǹtí Mi Ń Yọ Nínú Díìsìkì

Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi, kì í ju díìsìkì tí wọ́n ń tọ́jú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sí nù. Nígbà tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Ajíbọ́dé, wọ́n á kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n á ní, "Jẹ́ ká rí ojú ẹ," kí wọ́n tó tì í bọ inú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti fọwọ́ ara wọn kọ ètò kan tó ń sọ ohun inú díìsìkì di àwòrán: lẹ́tà á di àmì búlúù, ibi tó ṣófo á dúdú. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń jáde, ìlà lórí ìlà, bí ẹni ń hun òfì. Ojú mi ṣì ń rí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin tó háyà yàrá kejì sí tiwa sunkún wọlé.

"Àǹtí, ẹ gbà mí! Mo ti ṣèèṣì pa iṣẹ́ àṣekágbá mi rẹ́ nínú díìsìkì. Ọ̀la ni wọ́n máa gbà á!"

Àǹtí ò bá a wí. Wọ́n ti díìsìkì náà bọ inú ẹ̀rọ. A rò pé dúdú nìkan la máa rí, àmọ́ búlúù ló kún ibẹ̀.

Àǹtí ní, "Ṣé o rí i? Àwọn ọ̀rọ̀ tó o kọ nìyẹn. Orúkọ iṣẹ́ náà nìkan lo pa rẹ́, ohun tó wà nínú ẹ̀ ò tíì lọ."

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ jáde. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó fẹ́ máa dúpẹ́. Àǹtí fà á dìde.

"O ti jẹun lónìí?"

Ó ní òun ò tíì fẹnu kan nǹkan kan. Àǹtí kẹ̀yìn sí kọ̀ǹpútà, wọ́n gbé gààrí àti ẹ̀pà síwájú ẹ̀, wọ́n sì jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán.