Òdo Tí Paul Tẹ̀ Síwájú Orúkọ Ara Rẹ̀

Bí o bá fẹ́ bá Olúfúnkẹ́ Ọlọ́runfúnmi jà, pe iṣẹ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ wòlíì. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ ti jọ wà ní ẹ̀ka ètò ìnáwó níléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan nílùú Àbújá láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú, mo sì mọ ohun tó ń ṣe. Yóò to nọ́ńbà sínú àpótí kéékèèké lórí Excel, yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi kọ̀ǹpútà léèrè: bí owó epo bá wọ́n sí i ńkọ́? Bí òjò bá pẹ́ ńkọ́? Ẹyọ nọ́ńbà kan ni yóò yí, yóò fi ìyókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, yóò sì wo ohun tí àpótí ìsàlẹ̀ pátápátá máa sọ. Bí ètò náà bá lè dúró, àpótí yẹn á di àwọ̀ ewé. Bí kò bá lè dúró, á pọ́n. Àwọn ọ̀gá wa fẹ́ràn Fúnkẹ́ gan-an nígbà tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé.

Kò sẹ́ni tó ń bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́. Ilé ni wàhálà ti dé.

Ọmọ ìlú Ìyàrà ni Paul ọkọ rẹ̀, ilẹ̀ ló ń wọ̀n fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Àdúgbò Gwarinpa ni gbogbo wa ń gbé, ojúlé kan ló wà láàárín wa. Shalom, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn, ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní yunifásítì, lẹ́yìn ìyẹn ó ku ilé-ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà ní Bwari. Paul náà ń kọ́ ilé díẹ̀díẹ̀ sí Ìyàrà. "Ilé ni àbọ̀ sinmi oko," ni yóò wí, yóò sì yọ fóònù láti fi fọ́tò ògiri hàn ọ́. Mo ti rí fèrèsé ilé yẹn ju fèrèsé ilé ara mi lọ. Ibẹ̀ ló fẹ́ kí wọ́n sin òun sí lọ́jọ́ alẹ́, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, a jọ ń jẹun nílé wọn nígbà tí Fúnkẹ́ ṣí kọ̀ǹpútà lórí tábìlì oúnjẹ. Ó ti kó ètò ilé wọn sínú rẹ̀: owó ilé, oúnjẹ, iléèwé Shalom, ilé Ìyàrà, owó oṣù tirẹ̀ àti ohun tí Paul ń mú wálé. Àpótí ìsàlẹ̀ ni yóò sọ bóyá Shalom yóò kàwé tán. Ó fi kún owó ilé, àwọ̀ ewé. Ó fi kún owó iléèwé, àwọ̀ ewé náà ni. Ó wá na ọwọ́ sí àpótí Paul.

"Bí èyí bá di òdo ńkọ́?"

Paul gbé ṣíbí sílẹ̀. "Òdo báwo? Fúnkẹ́, ṣé o fẹ́ kí n kú ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Dádì Shalom. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

"Ọlọ́run má jẹ́ ẹ! Ẹyin lohùn o. Àǹtí Níyì, ẹ bá mi kìlọ̀ fún un."

Mo ní, "Ọlọ́run má jẹ́ ẹ." Kí ni kí n tún wí? Nílẹ̀ wa, a kì í fi ẹnu ara ẹni pe ikú wọlé nígbà tí ìrẹsì ṣì ń gbóná nínú àwo. Fúnkẹ́ pa kọ̀ǹpútà dé. Ó dùn ún gan-an.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni ẹsẹ̀ Paul bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Àwọn dókítà ní kíndìnrín rẹ̀ ló ń kọṣẹ́. Ẹni tó máa ń fẹsẹ̀ rin pápá láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ dúró, owó ń lọ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà síta. Àdúrà la ń gbà. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n inú bí mi nígbà tí mo rí bí Fúnkẹ́ ṣe ń gbé gbogbo ìṣirò yẹn kiri nínú orí rẹ̀ nìkan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo ra ẹja lọ́jà Kado, mo sè é, mo gbé e lọ bá wọn. Paul jókòó sórí àga, ìrọ̀rí wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, "Fúnkẹ́, gbé kọ̀ǹpútà yẹn wá."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Gbé e wá, kí o sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Ó gbé e wá. Ó wá ṣàlàyé: "Ẹyọ kan lẹ máa yí. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ dá a padà kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn."

Paul tẹ òdo síwájú orúkọ ara rẹ̀. Àpótí ìsàlẹ̀ pọ́n. Ó fi òdo náà sílẹ̀. Ó gbìyànjú kí wọ́n kúrò ní Gwarinpa lọ gba ilé kékeré ní Bwari. Ó ṣì pọ́n. Ó dá a padà, ó ta mọ́tò Fúnkẹ́. Ó pọ́n. Ó wá sún ọwọ́ lọ síbi tí Fúnkẹ́ ti kọ owó ìtọ́jú kíndìnrín rẹ̀ sí, Fúnkẹ́ sì gbá ọwọ́ náà mú.

"Ẹ ò ní fọwọ́ kan ìyẹn. Bí mo bá wà láàyè, ẹ ò ní fọwọ́ kàn án."

Paul kò bá a jiyàn. Ó dá mọ́tò padà. Ó sún ọwọ́ sókè díẹ̀, síbi tí a kọ Ìyàrà sí, ó sì dúró. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí n kò lè wo ojú rẹ̀. Ó tẹ òdo.

Àpótí ìsàlẹ̀ di àwọ̀ ewé.

Ó ní, "Shalom máa kàwé tán. Tó bá dé bẹ́ẹ̀, itẹ́ òkú Gúdù níbí ni kí ẹ sin mí sí."

"Ọlọ́run má jẹ́ ẹ!" Fúnkẹ́ ló pariwo bẹ́ẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.

Paul ní kó fi ètò náà pamọ́ bó ṣe wà. Fúnkẹ́ ní òun ò lè ṣe é. Paul fúnra rẹ̀ ló fi í pamọ́. Ó wá mú fóònù, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìyàrà, ó ní kí wọ́n sọ fún àwọn bíríkìlà kí wọ́n má wá lọ́jọ́ Ajé.