Noelene Pascoe àti Omi Ihò Bunyip

Noelene Joy Pascoe, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, opó Mervyn Pascoe, ń gbé ilé onígi kékeré kan lẹ́yìn ọgbà eré Coral Point, ní etíkun Gold Coast, ní Australia. Ariwo àwọn tó ń gun ọkọ̀ irin tó ń gòkè tó ń já wálẹ̀ máa ń dà wọ ilé náà láti àárọ̀ bí ẹni pé ará ilé ni. Àwọn àlejò a máa bi í bó ṣe ń rí oorun sùn ní ọ̀sán. Yóò fèsì pé ọjọ́ tí ọgbà bá ti ìlẹ̀kùn nítorí ìjì ni òun kì í rí oorun sùn.

Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan ló ti ṣiṣẹ́ títí egungun ìbàdí rẹ̀ fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, owó tí ìjọba ń fún àgbàlagbà ló ń jẹ. Ohun mẹ́rin ló ń bọ̀wọ̀ fún láyé: Ọlọ́run níwọ̀nba, tíì gbígbóná, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá ti sọ jáde lẹ́nu, àti káàdì ọlọ́dọọdún Coral Point. Láti ọdún tí wọ́n ṣí ọgbà náà ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń san owó káàdì yìí lọ́dọọdún láti máa fi wọlé nígbàkígbà, tí kò sì já rí. Kí òǹkàwé má fi èyí ṣeré. Láàárín àwọn olólùfẹ́ ọgbà, a kì í fi irun orí tàbí owó mọ àgbà. Bí káàdì ènìyàn bá ti pẹ́ tó láìjá ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, àwọn olówó tó ní ilé lórí òkè sì ń dìde fún Noelene lórí àga.

Ihò Bunyip ni Merv fẹ́ràn jù. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan ni omi ń gbé gba inú ihò àpáta àtọwọ́dá. Inú ihò náà ṣókùnkùn, ó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Ní kọ́nà tó kẹ́yìn, bunyip, ẹranko abàmì inú irà, yóò yọ orí jáde nínú omi, yóò sì bú ramúramù. Àwọn ọmọdé a máa ké. Merv a máa ṣí fìlà: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá.” Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ títí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró fi mú un lọ.

Ẹgbẹ́ Ọ̀rẹ́ Coral Point ní àṣà kan tí etí àwọn aláṣẹ ọgbà kò gbọ́dọ̀ gbọ́. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, tí wọ́n sì sun òkú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe, ẹbí a bu ẹ̀kúnwọ́ eérú kan fún ẹgbẹ́. Wọ́n a dì í sínú ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé, kí àwọn tó ń tú báàgì wò lẹ́nu ọ̀nà má baà fura. Ọkọ̀ tó kẹ́yìn ní ọjọ́ náà ni wọ́n máa ń wọ̀. Bí bunyip bá ti bú, tí àwọn yòókù sì ń ké, wọ́n a tú ìbọ̀sẹ̀ náà dà sómi. Báyìí ni wọ́n ṣe fún Merv. Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Noelene ń lọ. Yóò wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò kí ọ̀gá, yóò fi ìka kan omi, yóò jẹ ọ̀dùnkún díndín lórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ibẹ̀, yóò sì padà sílé. Èmi, tíṣà àdúgbò wọn, bi í nígbà kan ìdí tí kì í fi lọ sí itẹ́ òkú, níbi tí wọ́n kọ orúkọ Merv sí.

“Ta ló wà níbẹ̀?” ló fi dá mi lóhùn. “Inú omi ni Merv wà.”

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọgbà náà kéde iye tuntun. Owó ẹnu ọ̀nà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ̀dínwó àwọn ará àdúgbò pa rẹ́. Ibi ìgbọ́kọ̀sí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ di ti olówó. Ẹni tí kò bá fẹ́ tò lẹ́yìn àwọn ẹlòmíràn lè san owó mìíràn kó sì rékọjá wọn. Ojú àánú kan ṣoṣo ló wà nínú ìkéde náà: ẹni tí káàdì rẹ̀ kò bá tíì já rí yóò máa san iye àtijọ́ títí yóò fi kú. Ṣùgbọ́n bí ó bá já, ó já nìyẹn.

Ariwo sọ lórí ayélujára. Oríṣi ènìyàn márùn-ún ni mo rí níbẹ̀: àwọn tó ń ṣépè, àwọn tó ń rántí iye tí bàbá wọn san nígbà náà lọ́hùn-ún, àwọn tó ní kí tálákà lọ wo òkun tí Ọlọ́run fi ṣe ọ̀fẹ́, àwọn tó búra pé ẹsẹ̀ àwọn kò ní í kan ibẹ̀ mọ́, àti àwọn tó ń búra pẹ̀lú wọn, tí wọ́n sì ti sanwó tuntun ní kọ̀rọ̀. Àwọn tó kẹ́yìn yìí ló pọ̀ jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò tíì mọ̀.

Ẹgbẹ́ pe ìpàdé ní gbọ̀ngàn àwọn eléré bọ́ọ̀lù orí koríko. Ààrẹ ẹgbẹ́ ni Darryl Hocking, tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ tóbi ju ìrònú rẹ̀ lọ. Ó gbé àlùmọ́gàjí àti korobá kan ka orí tábìlì.

“Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi! Wọ́n rò pé a ò lè wà láìsí wọn. Lónìí, gbogbo wa la máa gé káàdì wa sínú korobá yìí. A máa ya fọ́tò ẹ̀, a máa fi ránṣẹ́ sí wọn. Kí ọlidé àwọn ọmọ iléèwé tó dé, wọ́n á ti wá bẹ̀ wá.”

“Tí wọn ò bá wá ńkọ́?” Glenys Tuckwell ló béèrè, ọ̀rẹ́ Noelene láti ilé ìfọṣọ, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju àlùmọ́gàjí náà lọ.

“Wọ́n á wá!”

“Ìwọ Darryl tó o ní o máa wá tún ẹ̀rọ mi ṣe lọ́dún tó kọjá. Òógùn ọjọ́ yẹn ò tíì gbẹ lára mi.”

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Darryl náà rẹ́rìn-ín, ó sì yí sọ́dọ̀ Noelene.

“Mọ́mì Noelene, ẹ̀yin làgbà wa. Káàdì yín ò já rí. Tí ẹ̀yin bá gé tiyín, ta ló máa lójú láti fi tiẹ̀ pamọ́? Ẹ wo ti Merv náà. Ṣé Merv á fi wá sílẹ̀?”

Glenys fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà. “Má dá a lóhùn o jàre. Tàwọn eléyìí, eré ni. Ọkọ ẹ ló wà níbẹ̀ ní tìẹ.”

“Nítorí ẹ̀ náà ni,” Noelene wí. “Nígbà tí Merv àtàwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin yòókù da iṣẹ́ sílẹ̀, búrẹ́dì lásán la jẹ fún ìgbà pípẹ́. Merv ò yọ́ wọlé síbi iṣẹ́ lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ojú wo ni màá fi kí i lómi, tó bá jẹ́ pé èmi nìkan ni mo wọlé?”

Ó dìde. Káàdì náà le, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lágbára mọ́, nítorí náà Darryl bá a tẹ àlùmọ́gàjí. Nígbà tí ó já sínú korobá, wọ́n pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo ẹgbẹ́ tò wá, tí kálukú ń gé.

Ọgbà kò fèsì. Ọlidé dé, ọkọ̀ sì tò láti ibi ìgbọ́kọ̀sí títí dé ojú pópó ńlá. Àwọn tí kò mọ iye àtijọ́ kò mọ̀ pé tuntun wọ́n. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ẹnìkan ní ọmọ òun ń sunkún. Ẹnìkan ní àna òun ló bá òun san án. Ẹnìkan ní òun wọlé láti lọ wo bí nǹkan ṣe bàjẹ́ tó. Àwòrán Darryl fúnra rẹ̀ jáde, tòun ti àwọn ọmọ rẹ̀, tí káàdì tuntun so mọ́ ọn lọ́rùn. Glenys pè é lórí fóònù, ó sì bú u dáadáa.

“Tìtorí àwọn ọmọ ni,” ni Darryl ń wí. “Ṣé kí n wá fìyà jẹ ọmọ ni?”

Glenys bọ́ sílé Noelene ní ọjọ́ kejì, ó sì fi káàdì kan lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì.

“Gbà, máa lò ó. Fọ́tò tó wà lára ẹ̀ ti ṣá. Arúgbó kan ò yàtọ̀ sí ìkejì lójú wọn.”

Noelene wò ó. “Káàdì wo nìyí? Ṣebí ojú mi lo ṣe gé tìẹ.”

“Káàdì ìsọ̀ ẹran ni mo gé. Ta ló ń yẹ inú korobá wò?”

“O ò sì sọ fún mi.”

“Mo sọ fún ẹ. Mo ní má dá a lóhùn.”

Noelene bu tíì kún ife rẹ̀, ó sì ti káàdì náà padà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò jà. Ó kàn ní òun kò fi orúkọ ẹlòmíràn lọ kí ọkọ òun rí.

Ó lọ sí ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń ta káàdì. Ọ̀dọ́bìnrin tó wà níbẹ̀ tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ó tún un tẹ̀.

“Ó ní káàdì yín ti já, mà.”

“Èmi ni mo já a. Mo ti wá so ó.”

“Kò ṣeé so, mà. Ẹ máa san ti ẹni tuntun.”

Ẹni tuntun! Obìnrin tó ti ń wọ ibẹ̀ kí ìyá ọmọ náà tó lọ́kọ. Iye náà sì ju agbára rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, a máa ń rí i ní ẹ̀bá ògiri wáyà lẹ́yìn ibi ìgbọ́kọ̀sí, lórí àga tó ń ká, pẹ̀lú fíláàsì tíì. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ síhà ibẹ̀, ènìyàn lè gbọ́ bí bunyip ṣe ń bú. Àwọn èèyàn ń ya àwòrán rẹ̀, wọ́n ń gbé e sórí ayélujára. Ó ń mu tíì rẹ̀ lọ.

Nígbà tí àyájọ́ ikú Merv ń sún mọ́lé, ó ta ẹ̀wù Merv, èyí tí àwọn báàjì ọgbà láti ọdún dé ọdún kún iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkùnrin kan ní Melbourne ló rà á. Owó náà tó tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan. Tíkẹ́ẹ̀tì ìgbà yìí ní déètì, ẹni tó bá rà á kò sì lè dá a padà. Ọkọ̀ mi ni mo fi gbé e lọ.

“Tíṣà, ẹ ò ní í bá mi wọlé ni?”

“Ní iye yẹn? Inú ọkọ̀ ni màá ti ka ìwé mi.”

“Ahun!” Ó rẹ́rìn-ín, ó tún fìlà Merv tó dé sórí ṣe, ó sì wọlé. Ohun tó tẹ̀ lé e, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Pátákó gíga ni wọ́n fi yí Ihò Bunyip ká. Ó béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan, ìyẹn sì dáhùn pé àtúnṣe ọdọọdún ni, pé ó wà lórí ayélujára. Noelene kò ní ayélujára. Ní gbogbo àwọn ọdún tó ní káàdì, bí Ihò bá wà ní títì, ó máa ń padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì láìbéèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ọ̀sẹ̀ kejì.

Ó wo inú láti àlàfo pátákó méjì. Omi ti gbẹ pátápátá. Ọkùnrin oníbàtà rọ́bà kan ń fi ọ̀pá rọ́bà ńlá fa ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Lórí tapólì lẹ́bàá rẹ̀ ni wọ́n gbé orí bunyip sí, tí ọrùn rẹ̀ ṣí, tí wáyà yọ jáde.

“Ẹ kú iṣẹ́,” Noelene wí. “Níbo lẹ ń gbé ẹrẹ̀ yẹn lọ?”

“Ààtàn ni, màmá. Ẹ ò rí bó ṣe ń rùn?”

“Ṣé ti ọdún yìí nìkan ni?”

“Rárá o. Ọdọọdún la máa ń fá a mọ́lẹ̀ kanlẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rọ tó ń fa omi á dí.”

Ọkùnrin náà padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Noelene ṣí fìlà fún orí tó wà lórí tapólì. Ó ra ọ̀dùnkún díndín, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, kò lè jẹ ẹ́, ó jù ú sí àwọn ẹyẹ òkun. Nígbà tó padà sínú ọkọ̀, mo bi í bóyá ó rí Merv kí. Ó ní kí n wa ọkọ̀ lọ.

Kò lọ sí ẹ̀bá ògiri wáyà mọ́. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ó máa ń ti fèrèsé ẹ̀yìn. Kí ìgbà ooru tó parí, àyà rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, ó sì kú sórí ibùsùn rẹ̀. Ó ti sọ fún Glenys pé kí wọ́n má ṣe bu eérú òun fún ẹgbẹ́ kankan. Itẹ́ òkú ni wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ lọ, sábẹ́ orúkọ Merv.

Darryl Hocking ti tẹ àwòrán Noelene lórí àga etí wáyà sára ẹ̀wù, ìtàn tí wọ́n sì ń sọ káàkiri ni pé owó ẹnu ọ̀nà ló sé Noelene Pascoe mọ́ta títí ó fi kú sí ẹ̀bá ògiri. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò kú sí ẹ̀bá ògiri. Owó kò sì sé e mọ́ta dé òpin: ó san iye tí wọ́n bù lé e pátá, ó wọlé láti ẹnu ọ̀nà ńlá, ní ojú mi. Kì í ṣe iye tíkẹ́ẹ̀tì ni kò jẹ́ kó padà síbẹ̀. Ó ti wo inú omi náà nígbà tó gbẹ, ó sì ti rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.