Ìyá Hafeezat àti Ọmọ Kejìdínlọ́gbọ̀n

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Fulera Ọlábọ̀wálé, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Hafeezat, ti ń kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òmù-Àrán, kò sì ka ọmọ rí. Kì í ṣe pé kò mọ ìṣirò. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni. Ìyá tó bí i bí ọmọ méje, ó sin mẹ́rin, títí ó sì fi kú, ó gbà pé àlejò kan tó nawọ́ ka àwọn ọmọ òun lójú àgbàlá ló fà á.

Nítorí náà, ó ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kó àwọn ọmọ jáde, kálukú á mú èkùrọ́ kan wá láti ilé, á sọ ọ́ sínú àpò aṣọ tí Ìyá Hafeezat so mọ́dìí. Bí wọ́n bá ń padà, kálukú á mú ọ̀kan. Bí àpò bá ti ṣófo, kò sí ọmọ tó sọnù. Ọgbọ́n náà kò náni ní nǹkan kan, kò sì já a kulẹ̀ rí.

Àmọ́ òfin kò mọ èkùrọ́. Lọ́dún tó kọjá, olùkọ́ kan lọ́nà Òkè-Ọdẹ kó ọmọ lọ sódò, ọ̀kan ṣubú, apá rẹ̀ kán, ọ̀rọ̀ sì di ti ilé ẹjọ́. Ni ẹgbẹ́ olùkọ́ bá rán lọ́yà kan, Rónkẹ́, wá bá wọn sọ̀rọ̀. Obìnrin náà kò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Òfin ò ní kí ẹ jẹ́ Ọlọ́run," ó ní. "Ohun tó máa bi yín ni pé, ṣé ẹ tọ́jú ọmọ yìí bí òbí tó lákíyèsí ṣe máa tọ́jú ọmọ ẹ̀? Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí jàǹbá wá ṣẹlẹ̀, òfin á dúró tì yín. Ṣùgbọ́n ẹnu lásán ò tó. Ẹ kà wọ́n tí ẹ bá ń lọ, ẹ kà wọ́n tí ẹ bá ń bọ̀. Ẹ kọ iye wọn àti aago, kí ẹ buwọ́ lù ú. Ẹ má sì fi irọ́ síbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí irọ́ kan, ààbò yín tú nìyẹn."

Bí Ìyá Hafeezat ṣe ka ọmọ nìyẹn, lọ́jọ́rú tí wọ́n lọ wo àwọn ère òkúta ní Ẹ̀sìẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Abdulfatah, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, dúró tì í pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Ìyá Hafeezat nawọ́, ó kà wọ́n: méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó yára fi ọwọ́ náà pamọ́ sábẹ́ ìró. Síbẹ̀, ó gba èkùrọ́ lọ́wọ́ kálukú.

"Ìyá Hafeezat, ẹ ó kúkú fi wọ́n ṣe àdín lọ́jọ́ kan," Abdulfatah ní.

"Tí mo bá ṣe é, orí yín tó ń pá yẹn ni màá kọ́kọ́ fi kùn."

Ní Ẹ̀sìẹ́, àwọn ère jókòó lọ bẹẹrẹ, wọ́n tẹjú mọ́ ẹni tó wọlé bí àgbà tí ọmọdé já lu ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n ní èèyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ tí kì í panu mọ́ ní kíláàsì kò sọ̀rọ̀ sókè mọ́.

Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú, wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Abdulfatah ń fọwọ́ kan èjìká kálukú bí wọ́n ṣe ń wọlé. Méjìdínlọ́gbọ̀n. Ìyá Hafeezat náà kà á. Méjìdínlọ́gbọ̀n. Àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà ló gbé àpò kiri, kálukú sì mú tirẹ̀.

Èkùrọ́ kan ṣẹ́kù.

"Ta ni kò mú?"

Gbogbo ọwọ́ gòkè. Èkùrọ́ wà nínú gbogbo wọn.

"Ọmọ kan ló mú méjì wá láàárọ̀," Ọláìyá awakọ̀ ní. "Ìyá, òjò ń ṣú o."

Abdulfatah na fọ́ọ̀mù sókè. "Iye wọn pé. Ìwé yìí ló máa gbà yín sílẹ̀, kì í ṣe èkùrọ́. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ìyá Hafeezat bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Wọ́n ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan Jannat Àhmádù.

"Mo wà, mà." Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ohùn náà ti wá. Ohùn Jannat ni, ṣùgbọ́n ó tutù, bí ìgbà téèyàn bá ń sọ̀rọ̀ láti inú àmù.

Ó rìn dé ẹ̀yìn. Yusrah nìkan ló jókòó síbẹ̀, ó ti súnra kì mọ́ fèrèsé.

"Ta ló dáhùn?"

"Ẹ̀gbẹ́ mi ni mo ti gbọ́ ọ, mà. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

Ìyá Hafeezat bọ́ sílẹ̀, ó sáré padà. Láàárín àwọn ère ló ti rí Jannat, ó jókòó, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí eékún, orí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ sápá kan bíi tiwọn. Ìgbà mẹ́ta ló wò kọjá lára rẹ̀ kó tó mọ̀ pé ọmọ ni. Nígbà tó fà á dìde, ọwọ́ ọmọ náà tutù bí òkúta ojú omi.

"Ṣé o ò gbọ́ tí mo ń pè ọ́ ni?"

"Mo gbọ́, mà. Wọ́n ní kí n má dáhùn, pé àwọn á bá mi dáhùn."

Kò béèrè ta ni wọ́n. Ó gbé e pọ̀n, kò sì wẹ̀yìn.

Nínú ọkọ̀, Abdulfatah tún kà wọ́n. Méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ nígbà tó rí i tí Ìyá Hafeezat ń wá bírò. "Ẹ má fọwọ́ kan ìwé yẹn mọ́, mà. Kò ní àléébù bó ṣe wà. Tí ẹ bá kọ ọ́ síbẹ̀, ọ̀bẹ lẹ fi lé lọ́yà àwọn òbí ọmọ náà lọ́wọ́ yẹn."

Ìyá Hafeezat mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Iṣẹ́ ọdún mọ́kàndínlógún wà lórí bébà kan. Ó kọ ọ́: *A ka méjìdínlọ́gbọ̀n. Jannat Àhmádù kò sí nínú wọn. Mo padà lọ, mo rí i ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógójì.* Ó buwọ́ lù ú.

Ibà dá Jannat dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Jímọ́ọ̀, bàbá rẹ̀, ní ilé ẹjọ́ lòun ń lọ, àfi kí wọ́n lé olùkọ́ náà. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde, Alàgbà Ọlágúnjú sì ni alága. Ó ka ìwé náà sókè láti òkè dé ilẹ̀. Nígbà tó parí, Jímọ́ọ̀ fi fìlà nu ojú.

"Ẹni tó padà lọ wá ọmọ mi nígbà tí ìwé ní kó máa lọ," ó ní, "kí ni mo tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀?"

Alága gbé òǹtẹ̀ sókè, kò tíì lù ú. "Ó ku ẹyọ kan, Ìyá Hafeezat. Tí Jannat ò bá sí nínú ọkọ̀, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló yẹ kí ẹ kà. Èèyàn méjì kà á, èèyàn méjì buwọ́ lù ú. Ta ni ẹnì kejìdínlọ́gbọ̀n?"

Abdulfatah ń wo ilẹ̀.

"Sà," obìnrin náà ní, "èmi kì í ka ọmọ. Ẹ̀yin lẹ ní kí n kà wọ́n."

Ọlágúnjú lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé náà, ó sì ní kí akọ̀wé má kọ ìbéèrè ìkẹyìn yẹn sílẹ̀.