Adágún Tí Mo Yàn fún Màmá Mi

Títí di òní, tí mo bá rí ọkùnrin yẹn nínú ṣọ́ọ̀bù ní McKenzie Towne, orí mi á kọ́kọ́ gbóná kí n tó rántí pé ó yẹ kí n kí i. Màá kúnlẹ̀ díẹ̀, màá ní ẹ káàsán sà, màá sì bá ọ̀nà mi lọ. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo àwa ọmọ Yorùbá tó wà níbí ń pè é. Kò bá ẹnikẹ́ni nínú wa tan. Òun ló kàn kọ́kọ́ dé Calgary, òun ló lọ gbé ọ̀pọ̀ nínú wa ní airport, basement rẹ̀ sì ni èmi àti ọkọ mi sùn sí kí a tó rí ilé. Oore ńlá ni, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ohun tó bá ti sọ, abẹ ti gé e. Daycare tí a máa mú ọmọ lọ, mọ́tò tí a máa rà, gbogbo ẹ̀ ló ní ọ̀rọ̀ sọ sí.

Màmá mi wá kí wa láti Abẹ́òkúta. Odidi ìgbà òtútù ni wọ́n fi bá wa tọ́jú ọmọ nínú ilé ní Seton, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sì tọrọ lọ́wọ́ mi. Wọ́n rí fídíò àwọn tó ń wọ snowshoe, bàtà fífẹ̀ tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sínú snow, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ wọ̀ ọ́, kí àwọn fi ẹsẹ̀ ara àwọn rìn láàárín àwọn òkè yẹn kí àwọn tó padà sílé. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ọ̀tún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n ń lọ. Sátidé yẹn nìkan ni mo ní off.

Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kejì. Mo bi obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó máa ń lọ sí àwọn òkè yẹn dáadáa. Ó ní tí àgbàlagbà tí kò ṣe é rí bá wà níbẹ̀, ilẹ̀ títẹ́jú ni kí n wá. Kí n wá ibi tí èrò ti tẹ snow mọ́lẹ̀ kó le, tí a lè ṣẹ́rí padà nígbàkigbà, tí mọ́tò ò jìnnà sí. Kí n má mú wọn gba abẹ́ òkè tí snow ti lè ya lulẹ̀ bo èèyàn. Èmi fúnra mi fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kún un, nítorí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí màmá mi ń lò kì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó tọ̀. Mo wá a títí mo fi rí adágún kékeré kan tó ti dì, tí ọ̀nà yí i ká, tí bẹ́ǹṣì wà létí rẹ̀. Inú mi dùn gan-an. Àwọn bíi mélòó kan nínú wa ní àwọn náà máa tẹ̀ lé wa, ni Ẹ̀gbọ́n bá gbọ́, ló bá ní òun máa ṣáájú wa. Ta ló bẹ̀ ẹ́?

Ní parking lot adágún náà, màmá mi ti ki ẹsẹ̀ kan bọ snowshoe, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, nígbà tí Ẹ̀gbọ́n dé pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tuntun àti ọ̀pá méjì lọ́wọ́. Ó wo adágún, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé torí èyí la ṣe jí jáde nílé, pé ibí yìí ni àwọn òyìnbó ń kó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn wá. Ó ní òun mọ ibòmíì tó wà níwájú, tó jẹ́ pé téèyàn bá dé orí ẹ̀, á rí gbogbo ayé. Mo rọra sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, orúnkún màmá mi.

"Màmá máa ṣe é," ló wí. "Ará Abẹ́òkúta tó ń bẹ̀rù òkè, èwo nìyẹn?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ wò ó, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọkùnrin yìí ti wọ snowshoe rí láyé ẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ̀. Ẹni tó ń kọ software wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn tó ń fi master's yangàn wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó lanu. Wọ́n ń tú bàtà wọn bí ọmọ iléèwé tí tíṣà ní kó dìde. Màmá mi wò mí, wọ́n wo Ẹ̀gbọ́n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ wọ́n tú tiwọn náà. Àlejò kì í bá onílé jiyàn, ohun tó wà lójú wọn nìyẹn.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ibi kejì yẹn ti ń gòkè. Snow ibẹ̀ rọ̀, ẹsẹ̀ màmá mi ń rì, snowshoe kan ń tẹ èkejì mọ́lẹ̀, ọwọ́ wọn kò kúrò léjìká mi. Ẹ̀gbọ́n wà níwájú, ó ń ya fídíò. A dé ibi tí wọ́n gbé pátákó kan sí, tí wọ́n kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé snow lè ya lulẹ̀ láti ibẹ̀ lọ. Mo dúró. Mo ní èmi àti màmá mi ò lọ mọ́. Ó ní àwọn òyìnbó ló ń bẹ̀rù jù, pé wọ́n kàn ń kọ ìyẹn nítorí lọ́yà ni.

Bí màmá mi ṣe ní kí àwọn yí padà ni ẹsẹ̀ wọn yẹ̀, orúnkún ọ̀tún yẹn lọ́, wọ́n sì jókòó sínú snow. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Ó ti tó." Àwọn kan fẹ́ dúró tì wá. Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa lọ, pé màmá ò ní ìṣòro, ṣebí nọ́ọ̀sì ni ọmọ wọn. Ọlọ́run nìkan ló mọ bí mi ò ṣe ju ọ̀pá ọwọ́ mi mọ́ ọn. Wọ́n sì tẹ̀ lé e. Wọ́n kọjá pátákó yẹn, wọ́n ń gun òkè lọ.

Ó pẹ́ kí a tó sọ̀ kalẹ̀ tán. Nínú mọ́tò, màmá mi bi mí bóyá a ṣì lè yà sí adágún yẹn. Oòrùn ṣì wà, mo sì wakọ̀ padà. Àwọn ọmọ ń sáré níbẹ̀, ìyá òyìnbó kan tó dàgbà ju màmá mi lọ ń fa ajá rẹ̀ kiri. Màmá mi ṣílẹ̀kùn, wọ́n gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gbìyànjú láti dìde. Orúnkún ò gbà. Wọ́n gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n jókòó padà.

"Ìwọ lọ rìn ín," ni wọ́n wí. "Màá máa wò ọ́."

Mo wọ snowshoe, mo rìn díẹ̀ létí adágún, mò ń sunkún, inú sì ń bí mi débi pé mi ò mọ òtútù. Wọ́n ń juwọ́ sí mi láti inú mọ́tò bí ẹni pé mò ń ṣe nǹkan gidi.

Bí network ṣe dé lójú ọ̀nà báyìí, Ẹ̀gbọ́n pè, ohùn rẹ̀ gba inú mọ́tò kan. Wọ́n ti dókè, wọ́n ti sọ̀ láyọ̀, ṣé màmá gbádùn ara wọn? Màmá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ṣàdúrà fún un, fún ìyàwó rẹ̀, fún iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní àmín, ó ní next time wọ́n máa dé òkè pátápátá.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí next time," ni mo wí. "Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní kí n ṣe fún wọn nìyẹn, ẹ sì bà á jẹ́."

Ó ní ṣé èmi ni mò ń bá òun sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Mo pa fóònù. Mo wá ń retí màmá mi, torí láti kékeré mi, tí mo bá lanu sí àgbà báyẹn, kí n tó sọ ọ́ tán ni wọ́n ti kó mi ní ìkó lórí. Wọ́n ń fọwọ́ ra orúnkún wọn. Wọn ò bá mi wí.