Ẹ̀rọ Etí Mi Nídìí Ìkòkò Aró

Nígbà kan, kò sí ilé ìgbẹ́ tí mi ò mọ̀ láàárín Kemta àti Ìbarà. Mo mọ ti ṣọ́ọ̀ṣì, mo mọ ti mọ́ṣáláṣí, mo mọ ti ilé epo. Mo tún mọ ti màmá kan tí kì í gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ àfi tó bá kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé kékeré ni àbí ńlá?" Àìsàn ìfun ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Ìfun mi wú, ó ní egbò, ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Tó bá ti pè mí, kì í fún mi láyè láti dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ àdìrẹ ni èmi àti ìyá mi ń ṣe. Àgbàlá ilé wa ní Kemta la ti ń rẹ aṣọ, a ó sì kó o lọ sọ́jà. Àìmọye ìgbà ni mo ti fi aṣọ sílẹ̀ nínú aró tí mo sáré wọlé. Kí n tó padà, aṣọ á ti dúdú kọjá bí wọ́n ṣe ní ká ṣe é. Ìyá mi pe àwọ̀ yẹn ní "àwọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀", àmọ́ kò jẹ́ kí àwọn oníbàárà gbọ́, nítorí àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Lẹ́yìn tí apá oríṣiríṣi oògùn ò ká a, dókítà mi sọ fún mi nípa ẹ̀rọ kan tí wọ́n ṣì ń dán wò. Kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, wáyà tín-ínrín kan sì wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń fi kọ́ etí òsì. Dókítà ní iṣan kan wà tó ti ọpọlọ wá, tó gba ọrùn kọjá títí dé inú, ẹ̀ka rẹ̀ kan sì wà nínú etí. Bí iná mànàmáná kékeré láti ara ẹ̀rọ náà bá ń ta ẹ̀ka yẹn, ó ṣeé ṣe kí ìfun gbọ́ kí ara rẹ̀ sì rọlẹ̀.

"Mi ò ṣèlérí o," ni dókítà wí. "Ẹ má sì pa oògùn yín tì."

Nígbà tí mo délé tí mo ṣàlàyé, ìyá mi wò mí títí.

"Inú ló ń dùn ẹ́, etí ni wọ́n ń tọ́jú?"

"Wọ́n ní ọ̀nà kan náà ni, Màmá."

"Ọ̀nà yẹn mà jìn o!"

Ó dá mi lójú pé abẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni ẹni tó ṣe nǹkan yìí jókòó sí. Kò mọ̀ pé ẹnì kan máa gbé e kọ́ etí nídìí iná, nínú èéfín, kí òógùn máa dà lójú rẹ̀ bí omi. Ó máa ń yọ̀ bọ́. Lọ́jọ́ kan, díẹ̀ ló kù kó já sínú ìkòkò aró. Ìyá mi bá rán àpò kékeré kan fún un, ó fi ọ̀rá tẹ́ inú rẹ̀ kí omi má bàa wọ̀ ọ́, mo gbé e kọ́ ọrùn, mo sì ń fi gèlè di wáyà mọ́ etí. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀ ni mo ti ń gba cháàjì. Títí dòní, ó gbà pé fóònù ni.

Wàhálà òógùn ló kù. Tí etí mi bá gbẹ, ńṣe ló máa ń dà bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Tí òógùn bá dé ibẹ̀, èèrà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í géni jẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, Alhaja kan wá sí ìsọ̀ wa.

"Ẹ kú ọjà o."

"Ẹ káàbọ̀, Alhaja."

Ó mú àdìrẹ kan, ó dá iye tó fẹ́ san. Bó ṣe dákẹ́ ni òógùn kán sí mi létí.

"Yéè!" Mo di ojú kan.

"Ṣé ó kéré tó bẹ́ẹ̀ ni?" Alhaja fi díẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ tún ta mí.

"Háà! Mo gbé!"

Ó tún fi lé e. Ìyá mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì pé kí n má dá a dúró. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbé mi. Mo yọ wáyà náà.

"Ẹ má bínú, mà. Kì í ṣe iye tẹ́ ẹ dá ló ń dùn mí, nǹkan yìí ló ń ta mí létí."

Ìyá mi mí kanlẹ̀ bíi pé mo da odindi ìkòkò aró nù.

"Kí ló wà fún?" Alhaja béèrè.

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo sọ ti ìfun mi fún un, àti ẹ̀jẹ̀, àti eré sísá. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi.

"Ìwọ náà máa ń wá ilé ìgbẹ́ kó o tó wá ibi ìjókòó?"

"Ẹ̀yin náà, mà?"

"Àwọn ọmọ mi rò pé àlùwàlá ni mo máa ń ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rín pa àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta débi pé àwọn ará ìsọ̀ kejì yọjú. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́. "Gbé e kọ́ mi létí kí n wò ó."

"Rárá o, mà. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò ná. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló wà fún."

Mo júwe ọ̀dọ̀ dókítà fún un. Nígbà tó ń lọ, iye tó dá kẹ́yìn ló san, ó ní òun ò ní sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Inú ìyá mi dùn padà. Nígbà tó débẹ̀, oògùn nìkan ni dókítà fún Alhaja, ó sì bá a lára mu.

Ní tèmi, mi ò lè sọ pé mo ti sàn pátápátá. Ẹ̀jẹ̀ dínkù, eré sísá dínkù. Bóyá ẹ̀rọ ni o, bóyá oògùn ni, dókítà fúnra rẹ̀ ní òun ò tíì lè sọ. Ọjọ́ burúkú ṣì ń wá.

Àmọ́ lọ́dún yìí, mo bá ìyá mi wọkọ̀ lọ kí àwọn èèyàn wa ní Owódé. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni mo máa ń jókòó sétí àga, tí màá máa wojú dẹ́rẹ́bà, kí n lè tètè ní kó dúró. Lọ́tẹ̀ yìí, oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo lajú, èjìká obìnrin kan tó gbé adìẹ lé itan ni mo gbórí lé.

"Ẹ kú oorun o," ló wí. "A ti dé Owódé."